Ohun Tó Wọ Yàrá Ìgò

Ìgò àkọ́kọ́ tó bàjẹ́, obìnrin tó ni ín fúnra rẹ̀ ló rí i. Ọjọ́ Ajé ni, aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù, ó ń yẹ pẹpẹ ìgò rẹ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe kó tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ dúró sínú oúnjẹ dídì tó mọ́ gaara. Àmọ́ nínú ìgò kan, nǹkan funfun ti hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rí bí òwú. Èbu ni. Ó mú ìgò náà kúrò, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń se ìgò tó bá bàjẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ ká a lára. Lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, ìgò kan á máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ìgò tó bàjẹ́ ti di mọ́kànlélógójì. Gbogbo wọn ló ní àmì tó máa ń fi sára ìgò tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Iṣẹ́ aránṣọ ni obìnrin yìí kọ́ látilẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sídìí máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń rán aṣọ ilé ìwé àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ gba ìgboro kan, àwọn oníbàárà rẹ̀ dín kù títí ó fi ku ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ síìpù àti ẹni tí sòkòtò rẹ̀ ya. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin gíga kan wọlé, onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbé aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ wá pé kó bá òun lẹ àpò rẹ̀. Bó ṣe dúró tì í, ó rí i tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo abẹ́rẹ́ náà, tó ń bá a tàkúrọ̀sọ lọ. Ó ní kó tún un ṣe. Obìnrin náà tún un ṣe.

"Màmá, ṣé ọwọ́ yín kì í gbọ̀n ni?"

"Kí ló máa mú un gbọ̀n, sà? Ṣé mo jalè ni?"

Bó ṣe dé ilé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn, lẹ́ni ọdún méjìlélógójì. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ibi tó ti ríṣẹ́, ìyá náà béèrè bóyá ibà ló ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi wá dókítà fún un.

Ìbéèrè ìyá yẹn kò jìnnà sóòótọ́. Àìsàn kan ti wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbogbo agbègbè náà. Ewé á rọ, á pọ́n, èso á jẹrà látinú kó tó gbó. Àgbẹ̀ tó bá yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ìdí ìyá tó ń ṣàìsàn, àìsàn ló gbìn. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni pé wọ́n á wa ọmọ láti ìdí ìyá tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n á bó o, èèpo lẹ́yìn èèpo, bí ẹní ń bó àlùbọ́sà, wọ́n á fi omi bílíìṣì wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n á jókòó síwájú àpótí kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ síni lójú, á fi abẹ tó ti yan nínú iná gé ohun tó kù títí yóò fi dórí ẹyọ kan tó tóbi tó hóró ìrẹsì. Inú hóró yẹn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Á gbé e sínú ìgò, á dé e. Bó bá yá, ẹyọ kan á di mẹ́ta. Wọ́n á tún gé e, wọ́n á pín in, mẹ́ta á di mẹ́sàn-án, títí ọmọ kan ṣoṣo á fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tí wọ́n bá lágbára díẹ̀, wọ́n á kó wọn jáde lọ sílé ibòòji lẹ́yìnkùlé, wọ́n á gbìn wọ́n sínú ọ̀rá oníyẹ̀pẹ̀ kí oòrùn lè mọ̀ wọ́n lójú.

Ọgọ́fà àgbẹ̀ ló ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Wọ́n ti hú tiwọn, wọ́n ti sun ún. Ilẹ̀ wọn ṣófo, wọ́n ń retí òjò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgò tó wà nínú yàrá ìgò, tiwọn ni.

Dókítà pe Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó to ìgò mẹ́ta sórí tábìlì.

"Àmì ta nìyí, Màmá?"

"Tèmi ni, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Tèmi ni."

"Oníjígí, ẹnì kejì yín, náà ń gé lójoojúmọ́. Iwájú àpótí kan náà lẹ jọ ń jókòó. Ìgò kan ò tíì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mò ń fọ ọwọ́ mi, sà. Mò ń yan abẹ mi. Kò sóhun tó yẹ kí n ṣe tí mi ò ṣe."

"Mi ò ní ẹ ò ṣe é. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀."

Ó mú ìgò kan lórí tábìlì, ó ń yí i wò.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń fi sípírítì nu ọwọ́ títí awọ àárín ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Bó bá ń gé, kò ní mí, títí ojú rẹ̀ á fi máa ṣú. Nígbà míì á na ọwọ́ méjèèjì síwájú fèrèsé, á máa wò wọ́n bóyá wọ́n ti ń dàgbà láìsọ fún òun. Nílé, oúnjẹ kì í wọlé dáadáa mọ́. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, kò sì lè rí ojú tó fà ro kó má dápàárá sí i.

"Ìyá Ìbejì, tó o bá tún fọ ọwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, egungun la máa máa bọ̀ lọ́wọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ọwọ́ mi ti dọ̀tí, Bàbá Ìbejì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ojú wọn ló ń sọ ọ́."

Ọkùnrin náà gbé òòlù sílẹ̀. "Ó dáa, tí kì í bá ṣe ọwọ́ rẹ ńkọ́? Èmi, tí ilẹ̀kùn bá há, mi kì í bá ilẹ̀kùn jà. Mo máa ń kọ́kọ́ wo férémù."

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgò tó bàjẹ́ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Dókítà ní kó sinmi díẹ̀ nídìí abẹ, kó lọ máa fọ ìgò. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ yẹn ló sì dun obìnrin náà jù. Yàrá ìfọgò wà ní ìpẹ̀kun ilé, ó ní agbada sìmẹ́ńtì méjì, búrọ́ọ̀ṣì gígùn mẹ́rin, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ilé ibòòji. Àwọn tó ń kọjá lọ ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe.

Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wá sí i lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Oníjígí. Obìnrin bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni Oníjígí, ìgbà tó wọṣẹ́, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú. Jígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ló dé tí tirẹ̀ ò bàjẹ́? Ìgbà mélòó ló ń kọjá níwájú pẹpẹ onípẹpẹ? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n gbé ìgò mímọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgò, ó bá a tó ti ọwọ́ bọ orí pẹpẹ òun.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Èyí tó bàjẹ́ ni mò ń kó kúrò, àǹtí."

"Ta ló rán ẹ?"

Oníjígí yíjú sí i. "Àǹtí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìgò èmi nìkan ló ń bàjẹ́ nínú ilé yìí."

Oníjígí yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ń pẹ́ lórí ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń jókòó síwájú atẹ́gùn kan. Tí mo bá fẹ́ ṣe yín níkà, ṣé èbu ni mo máa lọ wá kiri?" Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀ lọ. Odindi ọjọ́ méjì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, èbu wọ pẹpẹ Oníjígí.

Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí wá sí yàrá ìfọgò, ìgò mẹ́rìndínlógún, kí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n gbé wọn sínú ìkòkò ńlá tó ń fi ooru pa kòkòrò. Ká má purọ́, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ó mú ìgò kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè wo bí ti ẹlòmíì ṣe rí.

Èbu náà kò ṣù sójú kan. Ó tò. Kókó funfun kan, àlàfo, kókó funfun kan, àlàfo, láti etí ìgò lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká, ó tún padà sí etí ìgò. Bí ìrán fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tí aránṣọ máa ń fi ọwọ́ rán sílẹ̀ kó tó gbé aṣọ sábẹ́ máṣíìnì ló ṣe rí. Ó mú ìgò míì. Bákan náà ni. Ó mú ẹ̀kẹta, òun náà rí bẹ́ẹ̀. Èbu kì í dédé tò. Èyí tó bá bọ́ lára èèyàn, ibi tó bá bọ́ sí náà ló ti ń hù. Nǹkan kan ló gbé èyí rìn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré débi tí Oníjígí wà. "Àbúrò mi, máa bínú sí mi lọ, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n wá bá mi wo nǹkan kan."

Oníjígí wò ó, ó wo ìgò. Ó dìde. Wọ́n fi ẹ̀mú bu díẹ̀ nínú oúnjẹ ìgò náà, wọ́n gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Oníjígí yọ jígí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ awò náà. Ó fọwọ́ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí nǹkan fi hàn kedere.

"Kí lo rí?"

"Ó ní ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mélòó?"

"Kò jẹ́ kí n kà á, àǹtí. Ó ń sá."

Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni. Kòkòrò kan tó bá eégbọn tan ni, ṣùgbọ́n bí eruku ló ṣe kéré. Ó ń rápálá gba abẹ́ ìdérí wọ inú ìgò, ó ń jẹ èbu, ó sì ń fẹsẹ̀ gbé èbu láti ìgò kan dé èkejì. Wọ́n pe Dókítà. Ó wò ó, ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí láìwò bóyá ó lágbára tó.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìgò mọ́," ló wí. "Ibo ló ti wá?"

Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n ń fi sẹ́lótéèpù tẹ ara ògiri, ilẹ̀, sílípáàsì, ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ń gbé e sábẹ́ awò. Kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì yọjú látinú gíláàsì ilẹ̀kùn, wọ́n ń rí èbu tó ń gba pẹpẹ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i: nílé ibòòji, ní kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ pẹpẹ, níbi tí wọ́n kó ewé gbígbẹ jọ sí. Kòkòrò náà kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ojú Dókítà yí padà. "Àwọn olùtọ́jú ọgbà!" Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ bá wọn, Oníjígí tẹ̀ lé e.

Ó wá ku Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n nìkan nídìí awò. Ohun kan ń dà á láàmú. Òfin kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà: ẹni tó bá ti wọ ilé ibòòji lónìí kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìgò àfi tó bá wẹ̀, tó sì pààrọ̀ aṣọ. Àwọn olùtọ́jú ọgbà kì í sì í wọ inú ilé rárá. Ta ló wá gbé e wọlé?

Ojú rẹ̀ lọ sára súwẹ́tà eérú tó fi kọ́ ìṣó.

Yàrá ìgò máa ń tutù, ó ti pẹ́ tó ti ń wọ súwẹ́tà náà láti ilé wá, sábẹ́ aṣọ funfun. Láràárọ̀, kí aago mẹ́jọ tó lù, ó máa ń gba inú ilé ibòòji kọjá. Iṣẹ́ kọ́ ló ń gbé e lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé nígbà tí wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ ló máa ń lọ wò, tí wọ́n ti ń na ewé nínú ọ̀rá báyìí. Á fọwọ́ kan ewé wọn, á yí èyí tó tẹ̀ padà, á bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò tíì rò ó rí pé òfin náà kan òun. Òun kúkú ń kí wọn lásán ni.

Ó tẹ sẹ́lótéèpù mọ́ etí apá súwẹ́tà náà, ó gbé e sábẹ́ awò. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀kan. Òmíràn tún rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rọ omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀. Ó ká súwẹ́tà náà sọ́wọ́, ó ṣí omi. Bó bá fọ̀ ọ́ báyìí, tó fún un, tó sá a, ta ló máa mọ̀? Èéfín omi gbígbóná ń gorí ojú rẹ̀. Láti ìta, ó ń gbọ́ ohùn Dókítà: "Ta ló ní kẹ́ ẹ kó ewé síbẹ̀? Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ bà jẹ́?" Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn èyí tó dàgbà jù nínú àwọn olùtọ́jú ọgbà méjèèjì, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tí kì í gbóhùn sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Láti ọjọ́ tá a ti débí, a ò wọ inú ilé rí. Ẹ bi wọ́n léèrè, sà."

Ó ti omi náà. Ó ki súwẹ́tà bọ inú ọ̀rá, ó dì í ní kókó méjì, ó jáde.

"Dókítà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ara súwẹ́tà mi ló wà. Mo máa ń gbabí kọjá láràárọ̀. Mo máa ń wá wò wọ́n."

"Wo ta?"

"Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀, sà."

Dókítà ń wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, òfin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ta ló kọ ọ́?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, sà."

Dókítà gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú padà, ó wọlé lọ. Onírùngbọ̀n funfun mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan, ó gbé agolo omi rẹ̀.

Sísè ni wọ́n sè gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi sè é, ìkòkò ńlá náà ń súfèé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ló sì ń gbé apẹ̀rẹ̀. Ohun tó wọlé ní àwọ̀ ewé ń jáde bí ẹrẹ̀. Oníjígí ń kà wọ́n sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, òun náà sunkún. Ọgọ́sàn-án ìgò péré ló yè, èyí tó wà nínú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀.

Dókítà fẹ́ kọ lẹ́tà sáwọn àgbẹ̀. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ní kó jẹ́ kí òun bá wọn sọ ọ́ lójúkojú, torí lẹ́tà ò lè dáhùn ìbéèrè. Ó dúró níwájú wọn nínú gbọ̀ngàn kan tó kún fún àga oníke, ó sọ gbogbo rẹ̀, ti súwẹ́tà náà ò gbẹ́yìn.

Ọkùnrin kan dìde. "Ṣé kòkòrò tí ojú ò rí ló jẹ ọdún wa?"

"Òun ni."

"Ẹ sì fẹ́ ká gbà á gbọ́?"

Alága wọn, obìnrin àgbà kan tó ga, tó sì gbẹ, dá a lóhùn láti ìjókòó rẹ̀. "Tó bá fẹ́ purọ́, ṣé irú èyí ló máa pa? Èmi ì bá ní iná ló lọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó pọ̀ jù ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó dìde yẹn ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó jáde. Alága bi Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n pé, "Ìgbà wo lẹ máa ní òmíràn?"

"Òjò ọdún tó ń bọ̀, mà."

"Kẹ́ ẹ má ṣe fi tó wa létí pé kòkòrò tún wá kí yín o."

Nínú ọgọ́fà yẹn, nǹkan bí ogójì ò lè dúró. Wọ́n lọ yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbòmíì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì tún fi iná sun oko kọ́dún tó yí. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n mọ ojú wọn. Ọkùnrin tó ti àga sẹ́yìn wà lára wọn, títí dòní tó bá kí i lójú ọ̀nà, kì í dáhùn.

Wọn ò lé e níṣẹ́. Oṣù mẹ́wàá ló fi fọ ìgò. Láàárín àkókò náà, Dókítà fi yàrá ìpààrọ̀-aṣọ kan síwájú yàrá ìgò, ọkọ rẹ̀ ló sì kan ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀. Oníjígí nìkan ló ń gé, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ọgọ́sàn-án ìgò yẹn àti lára àwọn ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú ọgbà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó lọ bá Dókítà, ó ní tí wọn ò bá dá àǹtí òun padà, kí wọ́n wá ẹni tó máa gé dípò òun náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n padà mú abẹ, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Oníjígí rí i, ó sì yíjú sí ibòmíì títí ó fi dẹ́kun.

Òjò ọdún kejì dé, wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fún àwọn tó dúró. Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, Alága ránṣẹ́ pé kí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wá wo oko òun. Nígbà tó débẹ̀, ó bá okùn tí wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà, abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sì wà nílẹ̀ níwájú okùn náà. Òórùn bílíìṣì ń jáde látinú rẹ̀. Lẹ́yìn okùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tò lọ réré, ìdì èso tẹ òmíràn lórí ba.

Ó fẹ́ gbé okùn náà sókè. Alága na ọ̀pá sí i láti ọ̀ọ́kán.

"Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ ti bàtà yẹn bọ omi. Méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó dé ọrùn ẹsẹ̀."

"Mo ti nù ún nílé, mà."

"Ta ló bi yín?"

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ abọ́ náà, ó ti tòsì bọ̀ ọ́. Alága wò ó dáadáa, ó sì tú okùn.